Ibi Tẹ́ Ẹ Máa Sùn, Ibi Tẹ́ Ẹ Máa Gbafẹ́ ní Accra: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo tó fẹ́ lọ najú ní Ghana máa ń bi mí: "Hòtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa tí kò wọ́n ní Accra?" Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ọ̀sán Accra rọrùn: ọjà, mùsíọ́ọ̀mù, etí òkun, gbogbo wọn ló ṣeé wọ ọkọ̀ èrò lọ. Alẹ́ ni owó ti ń jáde, alẹ́ lèèyàn ti ń ṣìnà, alẹ́ náà ló sì dùn jù nínú ìlú ọ̀hún. Ẹni tó lọ gba yàrá pọ́ọ́kú sí àdúgbò Madina ní Accra, tó wá ń lọ gbafẹ́ ní àdúgbò Osu lálaalẹ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ á gbé gbogbo ohun tó rò pé òun fi pamọ́ lọ.

Mi ò ní dá ìtàn àwọn bàbá wa tó ṣòwò ní Ghana kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí wọ́n máa lọ ní 1969. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ jókòó ti àwọn àgbà Ọ̀fà, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀.

## Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ro èyí rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ìgbafẹ́ alẹ́ á wà tàbí kò ní sí.

Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà: Àwọn Ga ló ni ilẹ̀ Accra. Lọ́dọọdún, kí ọdún Homowo wọn tó dé, wọ́n máa ń fòfin de ìlù àti ariwo káàkiri ìlú fún nǹkan bí oṣù kan. Ilé ijó, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba Ga ló ń kéde ọjọ́ rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ wá ìkéde ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àsìkò òjò ńlá tún ni, àwọn àdúgbò kan nínú Accra a sì máa kún fún omi.

Oṣù Kẹjọ: Èmi fara mọ́ oṣù yìí jù. Òjò ti fà sẹ́yìn, Homowo ń lọ lọ́wọ́, àjọ̀dún Chale Wote tó bẹ̀rẹ̀ ní Jamestown, àdúgbò apẹja àtijọ́ kan ní Accra, ní 2011 náà sì sábà máa ń bọ́ sí i: àwòrán lára ògiri, eré ojú títì, orin.

Ìdajì oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní: Accra á kún bí Ọjà Ọba nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la. Àwọn ọmọ Ghana àti Nàìjíríà tó wà lókè òkun ló ń dé, owó yàrá á fò sókè, àríyá ò sì ní tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Kejìlá, ẹ ti gba yàrá láti oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá. Tówó yín ò bá pọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

## Ìwé àti owó: kẹ́ ẹ tó kúrò ní Kwara

1. Pásípọ́ọ̀tù. Ọmọ ECOWAS ni wá, ẹ ò nílò fíísà, ẹ sì lè lò tó 90 ọjọ́. Síbẹ̀, ẹ wo òǹtẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín dáadáa. Iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù wà nílùú Ìlọrin, kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa torí ẹ̀ lọ Èkó.
2. Yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú náà gan-an, ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbà á, ó ń bá a lọ títí ayé. Ẹni tó bá ní òun á ta káàdì fún yín láìgún abẹ́rẹ́, ẹ sá fún un.
3. Káàdì báńkì. Ẹ lọ bèèrè ní báńkì yín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun lóṣù. Òfin yìí ń yí padà, ẹ má fi ohun tí ọ̀rẹ́ sọ lọ́dún tó kọjá ṣe ìdánilójú. Ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì ó kéré tán: káàdì àti owó ọwọ́.
4. Oògùn. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí dókítà kọ, ẹ gbé ìwé rẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀.
5. Aṣọ. Ẹ fi aṣọ tó jọ ti sójà sílẹ̀ nílé. Òfin Ghana kò gba aráàlú láyè láti wọ̀ ọ́.

Ṣájà fóònù yín ò ní ìṣòro, irú ihò iná tiwa ni tiwọn. Agogo wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ rántí èyí tẹ́ ẹ bá ń ka àkókò ọkọ̀ àbọ̀.

## Òfurufú tàbí ojú títì?

Láti Èkó sí Accra, bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ òfurufú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ òfurufú láti Ìlọrin lọ sí Èkó, ẹ má so ó mọ́ ti Accra lọ́jọ́ kan náà, àfi tí wákàtí tó wà láàárín méjèèjì bá pọ̀ gan-an. Ọkọ̀ abẹ́lé máa ń pẹ́, ibi tí ọkọ̀ abẹ́lé ń balẹ̀ sí ní Ìkẹjà kì í sì í ṣe ibi tí ti òkèèrè ti ń gbéra.

Ojú títì gùn, ó sì ń rẹni, àmọ́ owó rẹ̀ kéré, ẹ sì máa rí orílẹ̀-èdè méjì sí i lójú ọ̀nà. Ìdájí ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá máa ń kúrò l'Ékòó, torí náà ẹ sùn sí Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má torí àtibá bọ́ọ̀sì wọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lóru.

Òǹtẹ̀ mẹ́fà ló yẹ kó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín kẹ́ ẹ tó wọ Accra:

- Sèmè: ìjáde Nàìjíríà, ìwọlé Benin
- Hilla-Condji: ìjáde Benin, ìwọlé Togo
- Lomé sí Aflao: ìjáde Togo, ìwọlé Ghana

Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì sábà máa ń kó pásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò jọ lọ tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wò ó lójú ibẹ̀. Òǹtẹ̀ kan tó bá sọnù nígbà àlọ lè di wàhálà nígbà àbọ̀.

Ìkìlọ̀: Tí pásípọ́ọ̀tù yín bá tuntun tí kò tíì ní òǹtẹ̀ kankan, ẹnì kan lè sọ fún yín ní bọ́dà pé "owó" tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sùúrù bèèrè rìsíìtì, ẹ má pariwo. Ẹ má sì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó ní òun á gba ọ̀nà ẹ̀yìn mú yín kọjá kíákíá.

## Owó Ghana lọ́wọ́ yín

Sídì ni wọ́n ń ná, 100 pésíwà ló wà nínú sídì kan, nóòtì tó tóbi jù sì ni 200. Ṣọ́ọ̀bù pàṣípààrọ̀ tó níwèé àṣẹ tó sì kọ iye owó sórí pátákó ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ka owó yín tán níwájú wọn kẹ́ ẹ tó jáde.

Ohun kan tó máa ń da àlejò rú: ní 2007, wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó wọn, 10,000 àtijọ́ wá di sídì kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà kan ṣì ń ṣe ìṣirò àtijọ́. Tí ìyá kan bá ní aṣọ òun jẹ́ "one million", 100 sídì ló ń wí. Ẹ má sá lọ.

Ẹ ra síìmù tó bá ti di ọjọ́ kejì. Wọ́n á forúkọ sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣí MoMo, ìyẹn àpò owó orí fóònù, sórí rẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún yín, torí ẹni tó ń ta kẹ́ńkẹ́ (òkèlè àgbàdo wọn) lẹ́bàá ọ̀nà pàápàá ń fi í gbowó.

## Ẹ yan alẹ́ yín, kẹ́ ẹ tó yan yàrá

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Irú alẹ́ wo lẹ fẹ́?

Ijó títí di ìdájí: Osu tàbí Labone. Òpópónà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Oxford Street wà ní Osu. Ilé oúnjẹ, ilé ọtí, ibi ijó, wọ́n tò síbẹ̀ débi pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan sí òmíràn. Yàrá ibẹ̀ wọ́n díẹ̀, ariwo sì wà lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ bèèrè yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé. Labone wà nítòsí, ó dákẹ́ jù ú lọ. Tí mo bá fẹ́ gbádùn Osu kí n sì rí oorun sùn, ibẹ̀ ni mo máa ń wò. Osu náà ò jìnnà sí etí òkun Labadi.

Orin ojú agbo, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́: Asylum Down, Kokomlemle, Ridge. Àwọn gẹ́sítí háòsì tówó wọn mọ níwọ̀n wà ní Asylum Down àti Kokomlemle. North Ridge tó wà nítòsí ni +233 Jazz Bar and Grill wà, ibi tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin tó ń kọ jáàsì àti highlife lójú agbo. Ẹni tó dàgbà sídìí dadakúàdà kò ní pẹ́ mọ ibi tí highlife ń lọ. Ẹ wo ojú ìwé wọn lórí ayélujára kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹbí, ìrun àti oúnjẹ halal: Kanda àti agbègbè Nima. Mọ́ṣáláṣí ńlá orílẹ̀-èdè Ghana, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, wà ní Kanda. Nima jẹ́ Zongo, bíi Sábó tiwa, Haúsá pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá náà kò sì ṣọ̀wọ́n. Mi ò ní gba àlejò nímọ̀ràn pé kó máa rìn kiri àwọn ọ̀nà tóóró Nima láago kan òru, àmọ́ Kanda fúnra rẹ̀ tùnílára.

Ìgbafẹ́ olówó: East Legon, Cantonments, Airport Residential. Ilé oúnjẹ aláràmàǹdà àti ilé àgbàyálò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé East Legon jìnnà sí Jamestown àti etí òkun, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Òkun nìkan: Kokrobite. Ó wà lẹ́yìn ìlú, lápá ìwọ̀ oòrùn. Ó dáa fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kò dáa fún ẹni tó fẹ́ máa wọ Accra lójoojúmọ́.

Madina ń kọ́? Ó rọjú, ó súnmọ́ Yunifásítì Ghana ní Legon, oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń sùn láago mẹ́sàn-án, ẹ lọ síbẹ̀ láìfòyà.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwa ará Kwara máa ń gbàgbé: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yín nílé bóyá wọ́n ní ẹ̀ka tàbí èèyàn ní Accra. Kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ di ẹrù sí wọn lọ́rùn o. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ lè bá yín lọ wo yàrá lójúkojú kẹ́ ẹ tó sanwó, ìyẹn nìkan ti tó.

## Kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá

1. Ẹ gba àdírẹ́sì GhanaPostGPS ilé náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, bíi "GA" kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi sórí máàpù, kẹ́ ẹ wo bó ṣe jìn sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ máa lọ lálẹ́.
2. Ẹ ka ohun tí àwọn àlejò sọ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyìn ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò wúlò, ọ̀gá lè ti yí padà.
3. Ẹ bèèrè ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp:
   - Ṣé yàrá ni owó yìí wà fún, àbí èèyàn kọ̀ọ̀kan?
   - Ṣé owó orí ti wà nínú rẹ̀?
   - Tí iná bá lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù?
   - Ìgbà wo ni wọ́n ń ti géètì lálẹ́, ta ló sì ń ṣí i?
   - Ṣé "spot" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà? (Ilé ọtí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.)
4. Ẹ san ti alẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san ìyókù láàárọ̀.
5. Tó bá jẹ́ ilé àgbàyálò, ẹ gba orí ìkànnì tẹ́ ẹ ti rí i sanwó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bọ́ sẹ́yìn kẹ́ ẹ fi MoMo ránṣẹ́ sí òun kó lè rọjú, gbájú-ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ìbéèrè kẹrin yẹn, ti géètì, ni àìbèèrè rẹ̀ ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Gẹ́sítí háòsì míì ń ti géètì lágogo mọ́kànlá, ọdẹ á sì ti sùn fọnfọn. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe lójú títì láago méjì òru?

## Bí alẹ́ kan ṣe ń lọ

Ọjọ́ Jímọ́ àti Sátidé ni ìlú ń gbóná jù. Ẹgbẹ́ olórin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ilé ijó kì í kún títí di mọ́kànlá tàbí méjìlá. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lágogo mẹ́sàn-án, òun àti agbálẹ̀ ni wọn yóò jọ máa wo ara wọn.

1. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde. Bánkú (òkèlè wọn míì) àti ẹja tìlápíà yíyan lẹ́bàá ọ̀nà dára ju oúnjẹ ilé ijó lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì.
2. Ẹ fi pásípọ́ọ̀tù sí yàrá, ẹ ti í mọ́bẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ àti fọ́tò orí fóònù ni kẹ́ ẹ gbé dání, pẹ̀lú owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná nìkan.
3. Ẹ múra. Sílípáàsì àti ṣòkòtò péńpé ò ní wọ ọ̀pọ̀ ilé ijó. Bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá tó mọ́ á gbé yín wọlé, àwọn ọmọ Ghana á sì bi yín ibi tẹ́ ẹ ti rán an.
4. Ẹ bèèrè owó ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè owó tábìlì kẹ́ ẹ tó jókòó. Níbi púpọ̀, àga rírọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìgò ọtí tó wọ́n ló dè é mọ́lẹ̀.
5. Ẹ wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù. Àwọn kan kì í fi owó orí àti owó iṣẹ́ kún iye tí wọ́n kọ, ìgbà tí bíìlì bá dé lẹ máa tó rí i.
6. Ojú yín ni kí wọ́n ti ṣí ìgò. Ife tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lọ jó, ẹ má padà mu ún.
7. Ẹ dúró sínú ilé títí ọkọ̀ yóò fi dé. Bolt, Uber àti Yango wà. Dẹ́rẹ́bà á pè yín láti bèèrè iye tó hàn lórí fóònù yín àti bóyá owó ọwọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wé èyí tó wà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọlé.

Takisí wọn ní àwọ̀ òféèfèé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní mítà, ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò wọn, dára lọ́sàn-án. "Mate" ni wọ́n ń pe kọ́ńdọ́. Ní àyíká Circle, oríta Kwame Nkrumah Circle, lálẹ́, ẹ má mú fóònù lọ́wọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ní etí òkun Labadi, ẹ máa san owó ìwọlé lẹ́nu géètì. Ẹnì kan lè wá fi igbó lọ̀ yín. Kò bófin mu níbẹ̀. Òkun náà ń fa èèyàn wọlé. Ẹni tó kọ́ odò wíwẹ̀ ní odò Ọ̀yún, kó wẹ ẹsẹ̀ nìkan.

## Tẹ́ ẹ kì í bá mu ọtí

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé Ìlọrin ló ń bèèrè bóyá alẹ́ kankan kù fún wọn. Ó kù dáadáa. Ibi orin ojú agbo kì í fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ mutí. Sóbólò, tí àwa ń pè ní sóbò, wà ní ibi púpọ̀. National Theatre náà ń gbé eré orí ìtàgé àti ẹ̀fẹ̀ jáde.

Oúnjẹ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́. Waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè títí ó fi pọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni ẹ ti sábà máa rí i. Wele tí wọ́n bá fi sí i, pọ̀ǹmọ́ ni. Chichinga jẹ́ súyà. Àmọ́ domedo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó sì jọ ẹran díndín tí ebi lè mú èèyàn nawọ́ sí lójú òkùnkùn. Ẹ bèèrè. Láàárọ̀, Hausa koko àti koose (ògì àti àkàrà wa náà ni) wà ní gbogbo Zongo.

## Ọ̀sán: àṣà, ọjà àti òkú

Kwame Nkrumah Memorial Park àti mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè ṣeé lọ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tún àwọn méjèèjì ṣe, wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù padà ní 2022, Memorial Park ní 2023. Ní Jamestown, ẹ bá ẹni tó fẹ́ mú yín kiri sọ iye owó kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ má sì ya fọ́tò àwọn apẹja láìgbàṣẹ. Ẹ má ya ilé ìjọba àti sójà rárá.

Ní Arts Centre, ọjà iṣẹ́ ọnà Accra, ọ̀rẹ́ tuntun kan á bèèrè orúkọ yín, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti hun ún sára ẹ̀gbà ọwọ́, ó ń bèèrè owó. Ẹ kí i, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ orúkọ.

Àwa tá a mọ òfì Ìlọrin ló yẹ ká mọ kente, aṣọ híhun Ghana, yẹ̀wò ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun náà, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ẹ yí aṣọ sẹ́yìn: tí ẹ̀yìn bá ṣá, wọ́n tẹ àwọ̀ lé e ni, wọn ò hun ún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kò burú, owó ahunṣọ ni kẹ́ ẹ má san fún un.

Sátidé, ẹ máa rí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú aṣọ pupa àti dúdú: òkú ni wọ́n ń lọ sin. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ wọ dúdú, ẹ mú owó ìtọrẹ dání. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á já rìsíìtì fún yín, wọ́n sì lè fi makirofóònù kéde rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àwa ará Ọ̀fà la ń náwó òkú jù, kó lọ wo tiwọn.

Cape Coast àti Elmina, níbi tí àwọn Pọtogí ti kọ́ ilé olódi ní 1482, ṣeé lọ kẹ́ ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ bá kúrò ní Accra láago márùn-ún ìdájí kí ọ̀nà Kasoa tó dí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi igbó Kakum kún un, níbi tí afárá okùn méje wà lókè igi, ẹ sùn sí Cape Coast lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí òyì ibi gíga ń kọ́, kó dúró nísàlẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíkó èèyàn mẹ́jọ sínú ilé àgbàyálò tí wọ́n gbà fún mẹ́rin. Wọ́n á lé yín jáde lóru.
- Fífi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Bí nílé ni.
- Bíbá ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé sọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà yàrá yín.
- Àríyànjiyàn lórí jọ̀lọ́ọ̀fù ta ló dùn jù pẹ̀lú ẹni tó ń bu oúnjẹ fún yín. Ẹ jẹun tán ná.

## Tí Accra bá jìn jù

Cotonou ni kẹ́ ẹ lọ. Bọ́dà kan ṣoṣo lẹ máa kọjá, agogo wọn bá tiwa mu, Yorùbá sì pọ̀ ní Porto-Novo. Ẹ lè lọ sí Ouidah àti Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, ní ọjọ́ kan kan. Faransé ni èdè ìjọba, owó CFA ni wọ́n ń ná, ọ̀kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló sì ń gbé èèyàn kiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ọdún Vodun ní Ouidah, ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni, ẹ tètè gba yàrá. Ìgbafẹ́ alẹ́ ibẹ̀ kéré sí ti Accra, àmọ́ tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní, ó tó.

## Pípadà sílé

1. Ẹ pààrọ̀ sídì tó kù ní Accra tàbí Aflao. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní Geri Alimi.
2. Ẹ tún ka òǹtẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
3. Tí bọ́ọ̀sì bá kó yín dé Èkó lálẹ́, ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ Ìlọrin láàárọ̀.
4. Ṣokoléètì Golden Tree ni kẹ́ ẹ rà kẹ́yìn, torí ó lè yọ́ nínú ọkọ̀ tó bá gbóná. Shito, ata díndín wọn, inú ìgò, ẹ fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ òfurufú lẹ ń bá lọ, inú báàgì ńlá ni kó wà, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ́wọ́ wọlé.